Ẹ̀rọ tó ń yan òṣìṣẹ́ ní Illinois

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Láti ọjọ́ 1 oṣù Kínní ọdún 2026, òfin ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan kí agbanisíṣẹ́ tó ń fi AI (ọgbọ́n àtọwọ́dá inú ẹ̀rọ) yan òṣìṣẹ́ jẹ́ kí àwọn tó ń wáṣẹ́ mọ̀. Ohun tí mo kan sáárá sí jù níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ zip code, ìyẹn nọ́ńbà àdúgbò tí wọ́n ń kọ sínú àdírẹ́sì. Ẹ̀rọ lè má béèrè àwọ̀ ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ kó mọ̀ ọ́n: ẹni tó kọ 60619 sínú àdírẹ́sì rẹ̀ ti fi hàn pé gúúsù Chicago lòun ń gbé, ládùúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú. Òfin ti ka fífi nọ́ńbà yìí dá ẹ̀yà mọ̀ léèwọ̀.

Òfin ti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò orí fídíò tí AI ń yẹ̀ wò ti wà láti 2020: agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ohun tí ẹ̀rọ ń wò, kí wọ́n sì gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wáṣẹ́. Bí ẹ bá ní kí wọ́n pa fídíò náà rẹ́, ọjọ́ 30 ni wọ́n ní, tòun ti ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíì. Ó dùn mí pé òfin yẹn kò dárúkọ ìjìyà kankan. Nítorí náà, ẹ fi ímeèlì béèrè pé kí wọ́n pa á rẹ́, kẹ́ ẹ sì tọ́jú èsì wọn.