Lẹ́tà Ẹ̀sùn: Ọyẹ́ Kọ́ Ló Ba Gìtá Mi Jẹ́

Àjàṣẹ́,
Ọjọ́ 16, oṣù Ṣẹ́rẹ́.

Sí ọ̀gá ilé iṣẹ́ tí ń ta ohun èlò orin tòkunbọ̀, Kútọnu.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ọyẹ́.

Èmi ni mo ra gìtá oníná pupa lọ́wọ́ yín ní oṣù Ọ̀pẹ tó kọjá, 180,000 sẹ́fà, tí mo fi Mobile Money san lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ sọ fún mi lórí WhatsApp pé Fender Stratocaster, gìtá olórúkọ ńlá ti ilé iṣẹ́ Fender, tí wọ́n ṣe ní Japan ni, pé ẹnikẹ́ni ò tíì tú u rí. Ìyàwó mi ní owó yẹn ti pọ́ọ́kú jù. Mo ní kó jẹ́ n gbádùn ara mi.

Ọjọ́ tó dé, kí n tó ki wáyà bọ̀ ọ́ ni mo ti mọ̀ pé nǹkan wà. Mo gbé e sójú bí ẹni tó ń wo pákó tó fẹ́ rà: ọrùn rẹ̀ ti di ọrun ọdẹ. Mo to ẹyọ 100 sẹ́fà mẹ́ta lé ara wọn, wọ́n kọjá lábẹ́ okùn ní fírẹ́ẹ̀tì kejìlá, ìyẹn irin tẹ́ẹ́rẹ́ kejìlá tó dábùú ọrùn rẹ̀. Mo gbé e lọ ìṣọ́ òru bẹ́ẹ̀. Ká tó kọ orin kejì tán, orí ìka mi ti bó.

Mo pè yín. Ọ̀dọ́kùnrin tó gbé fóònù ní ọyẹ́ ni, pé afẹ́fẹ́ ọ̀dọ̀ wa gbẹ ju ti Kútọnu lọ. Bí ẹni pé Malanville, lókè àríwá lọ́hùn-ún, ni mo ń gbé! Nǹkan bí 30 kìlómítà ló wà láàárín wa.

Ọyẹ́ a máa gbẹ igi lóòótọ́. Etí fírẹ́ẹ̀tì a yọ síta, a máa ha ni lọ́wọ́. Ọrùn náà lè tẹ̀ díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pá irin fi wà nínú rẹ̀, tí èèyàn á fi kọ́kọ́rọ́ kékeré yí i kó lè padà tọ́. Mo gbé e lọ bá bàbá kan tó ń tún ohun èlò orin ṣe nítòsí ọjà Wàǹdó. Kọ́kọ́rọ́ kò wọ ihò. Bàbá tan tọ́ọ̀ṣì sí i, wọ́n fi abẹ́rẹ́ wa nǹkan jáde, wọ́n dà á sí mi látẹ́lẹwọ́: gọ́ọ̀mù gbígbẹ tí wọ́n po mọ́ ìyẹ̀fun pákó. Ẹnì kan ti fipá yí ọ̀pá yẹn títí ó fi bàjẹ́, ó wá dí ihò rẹ̀ pa. Ẹ̀yin ọ̀gá, ọyẹ́ kì í po gọ́ọ̀mù.

Bàbá tún dojú gìtá dé. Fọ́tò mẹ́fà lẹ fi ránṣẹ́ sí mi, kò sí èyí tó fi ẹ̀yìn orí rẹ̀ hàn. Wọ́n ti fi sáńpépà ha ibẹ̀, àmọ́ tí a bá gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ICS àti nọ́ńbà tó tẹ̀lé e ṣì ń hàn. Indonesia ni wọ́n ti ń kọ ICS, sára gìtá Squier tí Fender ń tà ní owó tó rọjú. Orúkọ Fender tó wà níwájú, lílẹ̀ ni wọ́n lẹ̀ ẹ́. Squier kì í ṣe gìtá burúkú o, òun ni mo fi kọ́ṣẹ́. Ká ní ẹ pè é lórúkọ rẹ̀ ni, tí ẹ sì dá iye tó tọ́ lé e, bóyá ǹ bá ṣì rà á.

Ti pé ó ń kùn bí oyin, mi ò bá yín jà sí ìyẹn. Pickup single-coil, ohun tó ń gba ohùn okùn rẹ̀, ló ní; ariwo iná mànàmáná ló ń gbà mọ́ra. Stratocaster ti ń kùn bẹ́ẹ̀ láti 1954 tó ti jáde.

Ẹ dá 180,000 sẹ́fà mi padà, kí ẹ rán ẹni tó máa wá gbé gìtá yín. 4,000 tí mo san fún bàbá, mo fi jì yín. Mi ò gba pààrọ̀. Gọ́ọ̀mù náà wà nínú ọ̀rá lọ́dọ̀ mi, gbogbo ohun tí ẹ kọ sí mi náà sì wà lórí fóònù. Tí mi ò bá gbọ́ nǹkan kan títí di ọjọ́ 31 oṣù yìí, ilé ẹjọ́ ni màá gbé e lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rán ọ̀dọ́kùnrin ọlọ́yẹ́ yẹn wá.

Èmi ni,
Oníbàárà yín tó ra gìtá pupa.