Iyọ̀ Tí Kì Í Ṣe Iyọ̀ Ọbẹ̀

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe sítọ́kípà níléeṣẹ́ kan ní Ṣàgámù. Àpò sodium nitrite máa ń wà lọ́dọ̀ mi, èyí tí wọ́n ń bù sínú omi ẹ̀rọ kí irin má baà dípẹtà. Bí ẹ bá bù ú sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ ó ní iyọ̀ ni. Ọmọ iṣẹ́ kan bù ú sínú agolo mílíìkì, ó gbé e síbi tí ìyá olóúnjẹ ń gbé iyọ̀ sí. Ọpẹ́lọpẹ́ pé etí agolo tìyá ti ya. Èyí kò ya.

Òun náà ni wọ́n ń fi sí kọ́ọ̀nbíìfù tí pupa rẹ̀ kì í fi í ṣí, ṣùgbọ́n bíńtín ni. Bó bá pọ̀, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè gbé atẹ́gùn dáadáa mọ́, ètè á dúdú bí aró. Èyí tí wọ́n ń tà fáwọn aṣẹran l'Amẹ́ríkà, iyọ̀ gidi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, nitrite kò ju ìdá 6.25 nínú 100 lọ, wọ́n á sì pa á láró pínńkì kí ẹnikẹ́ni má ṣì í lò. Tiwa yìí, funfun báláú!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wọn kẹ́míkà sínú ọ̀rá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sára ọ̀rá náà. Ìyá olóúnjẹ wa, látọjọ́ yẹn, etí ìró ló ń so iyọ̀ rẹ̀ mọ́.

Sítọ́kípà tó ti fẹ̀yìntì,
Ṣàgámù, Rẹ́mọ