Lẹ́tà sí Bọ̀ọ̀dá London, lórí kámẹ́rà Yashica yín

Bọ̀ọ̀dá London, wọ́n ti pín ẹrù yín o. Wọ́n kó agbádá fáwọn ọmọ yín, Yashica Electro 35 GSN yín ni wọ́n gbé fún mi, wọ́n ní ṣebí èmi ni mo máa ń tẹ̀ lé yín kiri òde.

Lẹ́ǹsì ẹ̀ ṣì mọ́ kedere, f/1.7 tó ń gba ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ wọlé, tẹ́ ẹ fi máa ń yàngàn pé ẹ ò nílò fíláàṣì lálẹ́. Bátìrì ni wàhálà, mẹ́kúrì 5.6 volt tó ń lò láyé ìgbà yẹn wọn ò ṣe é mọ́, mo bá wá 6 volt kékeré kan, mo fi fóìlì dí àyè tó kù, àfi bí iná yẹ́lò yẹn ṣe tàn pàù! Mo gbọ́ ohùn yín létí mi: "Yẹ́lò bá tàn, ìmọ́lẹ̀ ò tó, má gbọ̀n o. Rẹ́ẹ̀dì bá tàn, oòrùn ti pọ̀ jù, yí ojú lẹ́ǹsì kó kéré."

Màámi lẹ fi kọ́ mi, wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí, ẹ ní kí n máa yí lẹ́ǹsì títí màámi méjì tí mo ń rí nínú ihò tí a fi ń wòran á fi di ẹyọ kan, wọ́n di ẹyọ kan lóòótọ́, mo tẹ̀ ẹ́, ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi. Fọ́tò yẹn dà? Ẹ kọ́kọ́ ní fíìmù ò tíì tán. Nígbà tí màámi kú ẹ ní ó jóná níbi tí wọ́n ti ń fọ̀ ọ́, lọ́dún mìíì ẹ tún ní ó wà ní London. Bọ̀ọ̀dá, èwo ni ká mú? Mo ṣí ẹ̀yìn ẹ̀ báyìí, ọkàn mi ń lù kìkìkì, kò sí fíìmù kankan, fóòmù tó ń dí ìmọ́lẹ̀ tó ti yọ́ bí ọ̀dà ló kàn lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ ṣeun náà o, ẹ ò kúkú fọwọ́ líle bá mi rí, àmọ́ èyí dùn mí.

Wọ́n ní ọmọ mi obìnrin jọ màámi, èmi ò rí nǹkan kan fi wé e.

Lánlọ́ọ̀dù ti fowó kún owó ilé, ẹnì kan sì ń yọ mí lẹ́nu lórí WhatsApp pé kí n dá iye lé kámẹ́rà yìí. Màá tà á ni o, àfi tí Àǹtí bá rí négátíìfù yẹn nínú àpótí tó kù. Mo ní kí wọ́n tún bá mi wò ó, wọ́n ní kí n jẹ́ káwọn sinmi ná.