Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: ìdí tí ìbọn orí àtẹ wa fi dín kù

Ẹ̀yin oníbàárà wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àdúrótì. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ti ta sí ọ̀pọ̀ yín létí kí lẹ́tà tó dé, mo sì mọ̀ pé inú ti ń bí àwọn kan. Láti oṣù tó ń bọ̀, ìbọn ọdẹ bolt-action (èyí tí a ń fi ọwọ́ fa bolt rẹ̀, irin tó ń ti ọta wọlé, kí a tó yìn ín) tí ẹ ó máa bá lórí àtẹ wa kò ní ju mẹ́rin lọ: Tikka T3x, Savage 110, Ruger American àti Winchester Model 70. Ní ti Remington 700, Browning X-Bolt àti Weatherby Mark V, ẹ ó kọ́kọ́ san àsansílẹ̀ ká tó bá yín wá a.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè wá ní ahun. Ẹ má sì sọ pé a ti rí jẹ, a ò ka èèyàn sí mọ́. Alágbàtà tó ń kó ìbọn fún wa ló yí àdéhùn padà. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá fẹ́ méjì, méjì náà ni yóò kó fún mi. Ní báyìí, kí n tó rí méjì tí ẹ ń béèrè gbà, àfi kí n kó àwọn tí ẹnikẹ́ni ò béèrè mọ́ ọn: ìbọn tó ń jẹ ọta tí a kì í rí rà, ìbọn tí wọ́n kùn ní àwọ̀ tí ọdẹ kankan ò ní gbé wọ igbó. Owó gbogbo rẹ̀ ni mo sì gbọ́dọ̀ san kí ọjà tó kúrò lọ́wọ́ wọn. Bí mo bá béèrè ìbọn tó ń jẹ ọta .308 Winchester, wọ́n lè kó èyí tó ń jẹ ọta .300 Winchester Magnum wá, wọ́n á ní òun ló wà nílẹ̀. Mo pè wọ́n, wọ́n ní kí n kọ̀wé. Mo kọ̀wé, ẹnikẹ́ni ò fèsì. Owó tó yẹ kí n fi ra ọta àti awò ìbọn fún yín ló há sínú páálí ní yàrá ẹ̀yìn, tí mò ń rí i lójoojúmọ́. Mi ò ní dárúkọ wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí dùn mí dé egungun, torí ohun tí a fi mọ̀ wá ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wa: kí ẹ wọlé, ká to ìbọn iléeṣẹ́ méje síwájú yín, kí ẹ gbé wọn léjìká lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ọwọ́ yín fúnra rẹ̀ sọ èyí tó bá a mu.

Àwọn kan ń sọ pé kí la tilẹ̀ ń pariwo sí, pé irin kan náà ni gbogbo wọn. Rárá o. Ẹ wo Model 70. Nígbà tó jáde ní 1936, èékánná gbọọrọ kan wà lára bolt rẹ̀ bíi ti Mauser, ìbọn Germany ti ọdún 1898. Ní 1964 ni iléeṣẹ́ yọ ọ́ kúrò kí ìbọn náà má baà wọ́n ọn ṣe. Àwọn ọdẹ bínú débi pé títí dòní ni wọ́n ṣì ń wá èyí tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún yẹn kiri. Èékánná náà ti padà sára àwọn tí wọ́n ń ṣe báyìí. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyí: bí ọta bá ṣe ń jáde nínú mágásínnì ló ti ń gbá a nídìí mú. Bí ọwọ́ yín bá dúró ní agbedeméjì tí ẹ fa bolt sẹ́yìn, ọta á tẹ̀ lé e. Ti Remington 700, Savage 110 àti T3x kò rí bẹ́ẹ̀. Ńṣe ni bolt wọn ń ti ọta síwájú, ìgbà tó bá tì pa ló tó gbá a mú. Bí ẹ bá fà á sẹ́yìn kó tó tì, ọta àkọ́kọ́ lè dúró síbẹ̀, kí èkejì wá gbá a nídìí, kí méjèèjì há. Ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ balẹ̀ lè má rí i láyé rẹ̀. Ẹni tí ẹfọ̀n dojú kọ ló mọ ìdí tí mi ò fi lè yọ Model 70 kúrò.

Ẹ tún wo bí ọwọ́ bolt ṣe ń ga tó bí ẹ bá gbé e sókè láti ṣí i. Ó ń yí tó digírì 90 lára Model 70, 700 àti Savage. Ti T3x jẹ́ 70, ti X-Bolt 60, ti Mark V 54 péré. Ẹni tó bá so awò ńlá mọ́ ìbọn, tí àtàǹpàkò rẹ̀ ń gbá awò náà bó ti ń yára gbé bolt sókè, mọ̀ pé nǹkan kékeré kọ́.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mi ò ṣàdédé mú mẹ́rin yìí. T3x, tí wọ́n ń ṣe ní ilé iṣẹ́ Sako ní Finland, bolt rẹ̀ ń yọ̀ geere bí ẹ ti gbé e kúrò nínú páálí. Savage ń ṣe ti ọlọ́wọ́ òsì, ẹ sì lè fúnra yín dín agbára tírígà rẹ̀ kù. Ruger American ni owó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ká.

Ẹ̀yin ará Remington 700, ẹ̀yin ni mo ń bẹ̀ jù. Láti 1962 ló ti wà lọ́jà. Bí èèyàn bá ń wá ìdí ìbọn tàbí tírígà mìíràn láti fi rọ́pò ti iléeṣẹ́, mi ò rò pé ìbọn kan wà tí tirẹ̀ pọ̀ tó ti 700. Gbogbo ẹ̀yà wọ̀nyí ṣì wà lọ́dọ̀ wa, a ó sì máa tún ìbọn yín ṣe bíi ti tẹ́lẹ̀.

A ti ń bá alágbàtà mìíràn sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ti sanwó kí lẹ́tà yìí tó dé, ìbọn rẹ̀ kò yẹ̀, a ò sì ní fi owó kún un. 700 kan, X-Bolt kan àti Mark V kan ṣì wà nínú àpótí irin wa tí mi ò ní tà, iye yòówù kí ẹnikẹ́ni dá lé e. Ẹ pè wá kí ẹ tó máa bọ̀, ká lè gbé wọn jáde kí ẹ fọwọ́ kàn wọ́n kí ẹ tó san àsansílẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù