Yìnyín ni kò jẹ́ kí n wálé

Saskatoon, Kánádà

Màmá mi,

Ẹ kú ojú lọ́nà. Mo mọ̀ pé inú ń bí yín pé oṣù kẹsàn-án kọjá, ẹ ò rí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ wọ́nú. Ọ̀sẹ̀ tó yẹ kí n wọ bàálù gan-an ni yìnyín tó ń dì sára ewé lóru bo oko wa.

Canola tí à ń gbìn níbí, èyí tí wọ́n ń fún òróró inú hóró rẹ̀, oṣù karùn-ún ló ń wọlẹ̀. Tó bá ti ń di ìparí oṣù kẹjọ, ojú ọ̀run là ń wò lálaalẹ́. Tí yìnyín bá mú un kí hóró tó gbó, àwọ̀ ewé tó yẹ kó ṣí kúrò nínú hóró á há síbẹ̀, òróró rẹ̀ á wá dà bí omi ewé tí wọ́n fọwọ́ gbo. Bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò rèé: a ó lẹ ọgọ́rùn-ún hóró mọ́ bébà, a ó fi rólà tẹ̀ wọ́n fọ́. Èyí tó bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ dára. Tí èyí tó rí bí ewé bá ju méjì lọ, kò lè wọ ipò kìn-ín-ní mọ́. Lánàá, mo ka méje lára irú kan tí mo ti ń tọ́ bọ̀ láti ọdún mẹ́ta.

Ẹ bi mí nígbà kan pé báwo la ṣe ń mọ òróró inú hóró tí kò ju orí píìnì lọ. Keith Downey, onímọ̀ irúgbìn kan níbí, àti ẹnìkejì rẹ̀ ló rí i ní nǹkan bí 1963 pé èèyàn lè gé apá kan lára hóró, kó yẹ òróró ibẹ̀ wò, kó sì gbin ìyókù. Irọ́ ni mo pè é, àfìgbà tí èyí tí mo fọwọ́ ara mi gé hù! Ọ̀nà yẹn wà lára ohun tí wọ́n fi mú irú tí ásíìdì erucic inú rẹ̀ kò tó nǹkan jáde; ásíìdì yìí, irú ọ̀rá kan ni, ló kún inú òróró àtijọ́, òróró tí wọ́n ń fi sínú ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi nígbà ogun Hítílà. Ní 1974, Baldur Stefansson, onímọ̀ irúgbìn mìíràn ní Manitoba, gbé irú kan tí wọ́n ń pè ní Tower jáde, èyí tó tún dín ohun tí kì í jẹ́ kí èérún tó ń kù lẹ́yìn tí wọ́n bá fún òróró tán dùn lẹ́nu ẹran ọ̀sìn.

Òtútù ló wá kù. Èyí tó ń tètè gbó kì í sábà so púpọ̀, èyí tó ń so wọ̀ǹtìwọnti a sì máa pẹ́. À ń gbọn àtíkè òdòdó ọ̀kan sórí èkejì, bóyá a ó rí ọmọ tó jogún méjèèjì.

Oṣù kejìlá ni mo ń bọ̀, nígbà tí kò ní sí ohun tí yìnyín lè bà jẹ́ mọ́. Ẹ bá mi kí Bàbá. Àpò irú tó ní méje yẹn ṣì wà lórí tábìlì mi, mi ò tíì lè dà á nù.

Ọmọ yín,
Táyọ̀