Ẹ jẹ́ kí àrọ̀ yé ẹyin ná

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí, mi ò lè gbé e mì. Ní alẹ́ Sátidé tó kọjá, lẹ́yìn òjò ńlá tó rọ̀ ní Kubwa, mo mú àwọn ọmọ mi lọ sétí odò kékeré tó wà lẹ́yìn ilé wa, kí wọ́n lè rí àrọ̀ tó ń gòkè wá yé ẹyin. Ọdọọdún la máa ń lọ. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin la bá níbẹ̀, wọ́n ti fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn dí abẹ́ afárá, wọ́n ń fi àdá ṣá ẹja lórí. Ẹja aboyún! Ẹyin dà sínú ẹrẹ̀, ọmọ mi obìnrin sì bú sẹ́kún.

Àrọ̀, tí àwọn Hausa ń pè ní tarwada, kì í yé ẹyin lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Àfi kí òjò dé, kí odò kún bo koríko etí rẹ̀. Òru ló máa ń kúrò níbi tó jìn wá sí ibi tí omi ò ti mu ni dórúnkún. Tẹ́ ẹ bá tan tọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yìn wọn lẹ máa rí, takọtabo ń lé ara wọn kiri. Ẹyin á lẹ̀ mọ́ koríko, láàárín bí ọjọ́ kan sí ọjọ́ kan àbọ̀, ó ti di ọmọ. Ẹja ńlá kan ṣoṣo lè yé ẹyin tó ju 20,000 lọ. Ẹni tó pa mẹ́wàá lóru ọjọ́ kan, ẹ bá mi ṣírò ohun tó pa.

Àwọn aláṣẹ mọ̀nà dé àdúgbò wa tó bá di ká fi ọ̀dà pupa sàmì sára ilé. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń wá wo odò. Àwọn ọ̀dọ́ ń pa ẹja aboyún, àwọn aláṣẹ ń wò wọ́n níran!

Ní Argungu, ní Ìpínlẹ̀ Kebbi, wọ́n máa ń ti odò Matan Fada pa títí ọdún ẹja pípa fi máa dé. Láti 1934 ni wọ́n ti ń ṣọdún náà. Igbá àti àwọ̀n ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń pẹja níbẹ̀. Kí ló dé táwa olú-ìlú ò lè ṣe bẹ́ẹ̀? Kí wọ́n ti àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn lọ sínú odò Usuma pa láti òjò àkọ́rọ̀ títí dé ìparí oṣù Keje. Kí wọ́n fa ìṣọ́ rẹ̀ lé àwọn àgbà Gbagyi lọ́wọ́, àwọn ló ti mọ odò wọ̀nyí kí gbogbo wa tó dé. Kí ọdẹ méjì wà létí afárá kọ̀ọ̀kan lóru. Àwa ará àdúgbò á dá owó wọn, èmi ni mo máa kọ́kọ́ mú temi wá. Tó bá di oṣù Kẹjọ, kí ẹni tó ní ìwọ̀ máa ju ìwọ̀ rẹ̀.

Kí wọ́n tún gbẹ́sẹ̀ lé àwọn tó ń da oògùn apakòkòrò sínú odò. Kí wọ́n kó ìdọ̀tí abẹ́ afárá.

Òjò tún rọ̀ lóru àná, mo sì tún rí iná tọ́ọ̀ṣì wọn lọ́hùn-ún.

Òbí kan,
Kubwa, Àbújá.