Kí ẹ tó ta fóònù àlòkù

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi èyí tó àwọn ará Ìlọrin létí, pàápàá àwọn tó ń gbé fóònù lọ tà ní Challenge. Kí èèyàn pa fọ́tò rẹ́ nìkan kò tó. Orúkọ fọ́tò ni fóònù ń yọ kúrò nínú àkójọ rẹ̀. Fọ́tò gan-an ṣì wà lórí mẹ́mọ́rì káàdì títí nǹkan mìíràn yóò fi gba àyè rẹ̀, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ sì lè hú u jáde. Ẹ yọ káàdì yẹn, ẹ má tà á mọ́ fóònù rárá. Ẹ yọ síìmù náà.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọ Settings, ẹ yọ àkáǹtì Google kúrò kí ẹ tó tẹ Factory reset, èyí tó ń nu gbogbo ohun inú fóònù kúrò. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Bí wọ́n bá fi bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ fóònù nù ún nígbà tí àkáǹtì ṣì wà níbẹ̀, Android yóò máa béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀. Ẹni tó rà á á wá ní kí ẹ fún òun. Ẹ má fún un o! Ẹ gba fóònù náà, kí ẹ fọwọ́ ara yín tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà náà sí i.

Èmi ni tiyín,
Atúnfóònùṣe kan, Ìlọrin